Opó Ni Tàbí Alágbàdo?

Bí a bá ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ ìtàn kúkurú nípa opó arúgbó tí ó ń ta àgbàdo, mo lè sọ bí ìtàn náà yóò ti rí kí ó tó gbé kálàmù. Ọkọ yóò kú ní ojú ewé kìíní. Àwọn ẹbí ọkọ yóò kó ilé gbẹ ní ojú ewé kejì. Obìnrin náà yóò máa sunkún, yóò máa ru igbá àgbàdo kiri nínú òjò, yóò sì fi owó rẹ̀ rán ọmọ kan ṣoṣo ní ilé-ìwé. Ọjọ́ tí ọmọ bá gba oyè ni ìyá yóò kú. Èmi kò sọ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ burú tán. Mo ti rí ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí a ń ka ọ̀kan ní ìpàdé. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni èyí: èló ni ìyá náà ra àgbàdo? Lọ́wọ́ ta ni? Níbo ni ó ń kó o sí tí kòkòrò kò fi jẹ ẹ́ tán? Igbá àgbàdo wà lórí obìnrin náà bí gèlè ti í wà lórí ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tí ó bá a ná an.

Mo rò pé èdè wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ti òǹkọ̀wé sí ọ̀nà yìí, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń bá "opó" rìn. A ń ṣe opó, èyíinì ni pé obìnrin jókòó sí inú ilé láti ṣọ̀fọ̀ ọkọ. A ń ṣú opó, èyíinì ni pé ọkùnrin kan láti inú ẹbí ọkọ gbà á ṣe aya. Nínú méjèèjì, ikú ọkùnrin ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìjókòó àti ìdúródeni sì ni ti obìnrin. (Ohùn kan ṣoṣo ni ó ya opó kúrò lára òpó tí ó gbé òrùlé dúró. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kí olùkọ́ mi sọ pé mo ń so gbòǹgbò wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n akéwì tí ó bá fẹ́ lò ó, àyè wà.)

Bí obìnrin kan náà bá dé ọjà, kò sí ẹni tí yóò pè é ní opó. Ìyá Alágbàdo ni, tàbí Ìyá Ẹlẹ́wà. Gbogbo wa tí a ń kọ́ gírámà ni a mọ ohun tí ó wà nínú orúkọ yìí. "Oní" ni ó pàdé "àgbàdo": ìró n di l, fáwẹ̀lì iwájú sì fara wé ti àgbàdo. Oní, ẹni tí ó ni nǹkan. Ilé ń pè é ní ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọjà ń pè é ní ẹni tí ó ni ọjà. Àwọn ìwé wa ti gbọ́ ti ilé. Wọn kò tíì gbọ́ ti ọjà dáadáa.

Ìwé tí ó kọ́kọ́ fi opó àti ọkà sí ojú kan náà fún ọ̀pọ̀ òǹkàwé Yorùbá ni Bíbélì, èyí tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Opó Sáréfátì ní ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ìkòkò; wòlíì dé, ìyẹ̀fun kò sì tán mọ́. Rúùtù ń pèéṣẹ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè nínú oko Bóásì, Náómì arúgbó, tí òun náà jẹ́ opó, sì ń retí rẹ̀ nílé. Ọkà dé ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́ nípa iṣẹ́ ìyanu, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tẹ̀lé e nípa àánú olóko. Òṣùwọ̀n wà nínú ìtàn náà lóòótọ́, nítorí Bóásì wọn mẹ́fà fún Rúùtù láti gbé lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin ni òṣùwọ̀n wà. Opó kan ni mo rí tí a rán lọ tajà, òun sì ni èyí tí ó tọ Èlíṣà wá nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì. Wòlíì ní kí ó lọ ta òróró, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ nínú ìyókù. Ẹsẹ méje péré ni ìtàn náà, ó sì parí ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Èmi ì bá fẹ́ mọ bí ó ti ná an.

Ní ti àwọn ìwé ìtàn àròsọ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) ti Fágúnwà, àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-Oògùn. Nínú ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas tẹ̀ jáde nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, obìnrin tí ó ti dàgbà ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun ńlá sì ni èyí; ṣùgbọ́n àbámọ̀ ìgbà èwe ni a fún un sọ, ọkùnrin ni ó sì wà nídìí gègé. Délànọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú Ayé d'Ayé Òyìnbó (1955), Àṣàbí ni ó ń ròyìn bí ayé ti yí padà, a kò sì ní kí ó kọ́kọ́ ronú pìwà dà kí ó tó la ẹnu.

Ẹni tí gbogbo wa yóò dárúkọ ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ní 1961 sí 1962 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré náà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1970. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò tó iṣẹ́ ńlá. N kò mọ eré Yorùbá mìíràn tí ó gbé obìnrin oníṣòwò ka iwájú wa pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Ohun tí ó kún ojú ni àwọn ẹrú, Àdétutù tí ó pa nítorí oyún, àti ìjà òun àti Látòósà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ti kú nígbà ìbímọ, ìbànújẹ́ yìí ni ó sì sọ ọ́ di òǹrorò. Òwò tí ó sọ ọ́ di olówó wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ pé Ẹfúnṣetán máa ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn ológun, ọ̀rọ̀ gbèsè yìí sì wà lára ohun tí ó da àárín òun àti Ààrẹ rú kí wọ́n tó pa á ní 1874. Bọ́láńlé Awẹ náà ti kọ̀wé lórí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí á rí olóṣèlú àti ọlọ́jà níbi tí a ti ń rí ìkà nìkan.

Gbèsè! Ohun tí ìyá alágbàdo ń bá jà lójoojúmọ́ nìyí. Ká ní eré náà fi ọ̀rọ̀ gbèsè sí ẹnu Ẹfúnṣetán bí ó ti fi ìbínú sí i, à bá ti rí ibi tí Ìyálóde ọlọ́rọ̀ àti ìyá oníkóńgò ti jọ ara wọn. Bí ó ti wà yìí, òǹkàwé yóò rò pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà fún obìnrin tí kò ní ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́: kí ó di aláìní tí à ń káàánú, tàbí kí ó di olówó tí à ń bẹ̀rù. Ẹni tí ó ní àpò mẹ́ta kò sí níbẹ̀.

Kí ni ó wà nínú àpò mẹ́ta tí ó tó kọ? Mo jókòó ti ìyá kan ní ọjà Bódìjà fún ọjọ́ mélòó kan nígbà ìsinmi, láti gba ọ̀rọ̀ òwò sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ mi lórí èdè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àgbàdo gbígbẹ ni ó ń tà, àti ọkà bàbà, àti ẹ̀wà olóyin tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń kó ti Òkè Ọya bọ̀. Nígbà ìkórè, tí àgbàdo bá kún ọjà tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ni ó máa ń rà lọ́wọ́ àwọn alájàpá. Yóò sá a kí ó gbẹ dáadáa, yóò tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí tti ọdún titun kò tíì jáde tí ti àná sì ti ń tán lọ. Bí ó bá yára tà á jù, kò jèrè. Bí ó bá pẹ́ jù, kòkòrò yóò sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, tàbí kí àgbàdo tuntun já lu ọjà kí owó sì fọ́. Òǹkọ̀wé tí ó ń wá ohun tí yóò mú àyà òǹkàwé já, obìnrin yìí jókòó lé e lórí.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òun àti obìnrin ẹlẹ́kọ kan tí ó wá ra àgbàdo:

"Ìyá, ẹ kú ọjà o."

"Hòo, ajé á wá. Ìyàwó, ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Ẹ bá mi wọn kóńgò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kóńgò yín yìí, ìdí rẹ̀ ti wọnú o."

"Ìdí tèmi gan-an ti wọnú, ìwọ ṣáà ń bá mi rajà."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó lórí dáadáa."

"Èyí tí ó bá dúró lórí rẹ̀ ni tìrẹ. Èyí tí ó bá dà sílẹ̀, ti ilẹ̀ mi ni."

"Ènì ńkọ́?"

"Owó ìjẹta ńkọ́?"

Ẹlẹ́kọ rẹ́rìn-ín, ó tú owó tí ó so mọ́ etí ìró rẹ̀, ó san ìdajì gbèsè; ìyá sì bu ènì ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ńkọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kúkurú yìí. Ti àkọ́kọ́ ń béèrè àlàáfíà ọmọ, ti èkejì ń béèrè ẹ̀bùn, ti ẹ̀kẹta ń sin gbèsè. Ìyá náà kò sọ pé "o jẹ mí lówó", bẹ́ẹ̀ ni kò dójú ti oníbàárà rẹ̀ níwájú èrò. Ó kàn dá ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́kọ fi bẹ̀bẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó kọ èyí sínú eré, à bá yìn ín ní kíláàsì.

Àwọn àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n rò pé irú èdè báyìí kéré sí ojú ìwé, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Ta ni yóò wá sọ fún mi ibi tí alájàpá, alárobọ̀, àwìn àti ènì ti kù díẹ̀ káàtó sí ìjìnlẹ̀? Ọ̀kẹ́ tí a fi ń ka ẹgbàáwàá pàápàá, àpò owó ẹyọ ni.

Àtakò tí ó wúwo ju èyí lọ ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan wá. Ó ní mo ń fi ẹ̀rín bo ìyà opó mọ́lẹ̀. Bí a bá ń yin ẹnu ìyá alágbàdo, a ó gbàgbé pé àwọn kan lè ti lé e jáde nínú ilé tí ó bá ọkọ kọ́. N kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn mi ni pé inú òwò gan-an ni ìyà náà fara pamọ́ sí. Nínú àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ni ó ni ogún, yálà ní ìdí-igi, tí a ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tí ó bímọ, tàbí ní orí-ò-jorí, tí a ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí aya fi òwò ara rẹ̀ kó jọ, tirẹ̀ ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹbí ọkọ bá dé láti ka ẹrù, tí wọ́n bá àpò mẹ́ta ní igun yàrá, ta ni ó ni wọ́n? Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ ni ó fún un lówó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní ọdún tí wọ́n fẹ́ra, ṣé owó ọkọ ṣì wà nínú àgbàdo náà lẹ́yìn ogójì ọdún? Ta ni yóò jẹ́rìí? Àwọn tí wọ́n jọ ń dá èsúsú? Alájàpá tí ó tà á fún un, tí kò kọ ohunkóhun sílẹ̀? Òǹkọ̀wé wa a máa kọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé wọ́n kó gbogbo ẹrù lọ, yóò sì sáré kọjá lọ síbi ẹkún. Ìtàn náà gan-an ni ó fò kọjá.

Ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ irú ìtàn yìí fún ìwé wa lẹ́ẹ̀kan sí i kò pọ̀. Kí ó jẹ́ kí obìnrin náà yè dé ojú ewé ìkẹyìn. Kí á mọ iye àpò tí ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ àti iye tí ó kù ní ìparí. Kí ẹnìkan jẹ ẹ́ lówó, kí òun náà sì jẹ ẹnìkan. Bí ó bá sì di dandan pé kí ó sunkún, kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti palẹ̀ ọjà mọ́.