Ẹ̀rín Nínú Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Àyẹ̀wò The No. 1 Ladies' Detective Agency

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ kì í ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aláwàdà kún iṣẹ́ tó yẹ kí ènìyàn jókòó tì. Lójú wọn, ìwé tí a fi ń pa ìrònú rẹ́ ni: nǹkan sọnù tàbí ènìyàn kú, ẹnì kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, òǹkàwé rẹ́rìn-ín, àṣírí tú, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ tí wọ́n fi kan irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń fi ikú àti ìwà ọ̀daràn ṣeré. Bí ẹ̀sùn yìí bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé àìmọye òǹkàwé ń gbádùn ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbádùn nìyẹn. Ìwé tí àyẹ̀wò yìí dá lé ni The No. 1 Ladies' Detective Agency, tí Alexander McCall Smith gbé jáde ní 1998. Àbá tí a gbé kalẹ̀ ni pé àwàdà inú ìwé náà kì í ṣe iyọ̀ tí a bù sọ́bẹ̀ lásán. Òun gan-an ni ọ̀nà tí òtítọ́ ń gbà jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ ní ibi tó mọ.

Orísun Irú Ìtàn Yìí

Irú ìtàn yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1930 ni Agatha Christie gbé The Murder at the Vicarage jáde, ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí Miss Marple ti jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Arúgbó tí kò lọ́kọ ni Miss Marple, abúlé St Mary Mead ló sì ń gbé. Kò ní ìbọn, kò ní àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, yóò rántí ará abúlé rẹ̀ kan tó ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ kékeré, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Òwe yìí ni òpó tí irú ìtàn náà fẹ̀yìn tì. Nígbà tó jẹ́ pé ará ilé ni ọ̀daràn, ẹni tó mọ ará ilé dáadáa ló lè mú un. Àwọn tó gbọ́n lójú ara wọn a máa fojú olófòófó wo ìyá arúgbó náà. Nígbà tí àṣírí bá tú, àwọn ni ẹ̀rín ń padà sí. Iyì kúrò lọ́wọ́ alágbára, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a fojú tín-ín-rín. Èyí ni ìgbádùn àkọ́kọ́ tí òǹkàwé ń rí níbẹ̀.

Ọgbọ́n Inú Mma Ramotswe

Ìlú Gaborone, olú-ìlú Botswana, ni McCall Smith fi ṣe ibùdó ìtàn tirẹ̀. Olú ẹ̀dá ìtàn ni Precious Ramotswe, obìnrin tó sanra, tí sísanra rẹ̀ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá rẹ̀, Obed Ramotswe, ṣiṣẹ́ ìwakùsà ní Gúúsù Áfíríkà títí eruku kùsà fi ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Màlúù tí bàbá yìí kó jọ ni ọmọ rẹ̀ tà láti fi dá ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀. Ohun èlò tó wà níbẹ̀ kò ju tábìlì, tẹlifóònù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ìkòkò tíì lọ. Òǹkàwé a rẹ́rìn-ín sí ilé iṣẹ́ tí ìkòkò tíì jẹ́ pàtàkì ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn kan ni wọ́n fi ra ìkòkò náà.

Ọ̀ràn Happy Bapetsi ló fi ọgbọ́n òǹkọ̀wé yìí hàn jù lọ. Ọkùnrin kan yọ sí obìnrin yìí, ó ní òun ni bàbá rẹ̀ tó ti sọnù tipẹ́. Happy gbà á sílé, ó ń bọ́ ọ, ó ń tọ́jú rẹ̀, títí ìfura fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́kàn. Mma Ramotswe yá aṣọ nọ́ọ̀sì wọ̀, ó tọ ọkùnrin náà lọ, ó sì ní ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n nílò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá tó bá fi sílẹ̀ lè kú. Kíá ni “bàbá” jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni bàbá. Ìdájọ́ Sólómọ́nì inú Bíbélì ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ń rán ènìyàn létí, ó sì bá àlọ́ Ìjàpá mu, níbi tí pańpẹ́ tí ẹlẹ́tàn dẹ ti ń mú ẹlẹ́tàn. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni wọ́n fi ẹ̀rín náà bi ọkùnrin yìí: kí ni bàbá lè fi sílẹ̀ nítorí ọmọ? Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ ẹni tó bí ọmọ. Kò lè bi ènìyàn ní irú ìbéèrè yẹn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ akọ̀wé rẹ̀, Mma Makutsi, tí kì í yé sọ pé òun gba máàkì 97 nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé. Ìyangàn náà ń pani lẹ́rìn-ín. Ìgbà tí òǹkàwé bá gbọ́ pé àwọn ọmọge arẹwà tí máàkì wọn kò tó nǹkan ló ń gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni yóò tó mọ̀ pé ẹjọ́ ni obìnrin náà ń rò.

Ibi tí Ẹ̀rín Dúró Sí

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mma Ramotswe fúnra rẹ̀ ti jìyà: Note Mokoti, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórin, lù ú ní àlùbolẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì kú ní ìkókó. Ẹni tó ti sunkún tán ló ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìtàn dé orí ọmọdékùnrin tí wọ́n jí gbé, tí ìfura sì wà pé oògùn ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe, òǹkọ̀wé dẹwọ́ àwàdà. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi òwe, àpárá àti ọ̀rọ̀ àbùsọ Làpàdé àti Tàfá pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín gidigidi. Ṣùgbọ́n ìjà àti ewu ló yí wọn ká; ìsinmi lọ́wọ́ ẹ̀rù ni ẹ̀rín jẹ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ McCall Smith, ìwádìí gan-an ni ẹ̀rín ń ṣe.

Àléébù kan kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Òyìnbó tí a bí ní Zimbabwe òde òní ní 1948 ni òǹkọ̀wé yìí. Ó kọ́ni ní òfin ní Botswana, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh. Àsìkò tí àrùn éèdì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Botswana ni ìwé rẹ̀ jáde, síbẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń rìn kọjá lára ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ní Áfíríkà tó fara balẹ̀ jù, tó dùn mọ́ àlejò nínú jù, ló yà sínú ìwé náà kò parọ́. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí irú ìtàn yìí ń tà ní iye, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì ni owó rẹ̀. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti mọ ibi tí ìtàn ti dákẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Kò yẹ kí a tìtorí àléébù yìí da gbogbo rẹ̀ nù. Òdodo tí irú ìtàn yìí ń ṣe kéré, kò sì pe ara rẹ̀ ní ńlá: ó ń tú ẹlẹ́tàn kan fó, ó ń dá iyì obìnrin kan padà. Ohun tó ń fa òǹkàwé mọ́ ọn ni ìgbàgbọ́ pé ẹnì kan wà tí yóò jókòó, tí yóò gbọ́ ẹjọ́ aláìlẹ́nìkan parí kí ó tó dáhùn. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà agbo-ilé, tó mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, tó mọ ìdí tí aya kékeré kò fi kí ìyálé láàárọ̀, ń bẹ nílẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan ni kò tíì jẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni fún òǹkọ̀wé Yorùbá tó bá lè fún un lórúkọ náà láìdákẹ́ lórí ohun tó yẹ kí ó sọ.