Ọsán Tó Kú Dípò Ọrun

Àwọn àgbà wa ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Lójú ọdẹ wa, àdánù ni. Àwọn tafàtafà ilẹ̀ Japan tó ń ṣe kyudo kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá: lọ́dọ̀ tiwọn, ọsán ló ń kú kí ọrun lè yè.

Ọrun wọn, yumi, ga ju ènìyàn lọ, ó lé ní mítà 2. Ọparun àti pákó ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe é, owó rẹ̀ kò sì kéré. Èèpo igbó ni wọ́n ń lọ́ ṣe ọsán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ (àní, ẹbí igbó tí ọlọ́pàá ń lé kiri níbí). Wọ́n á wá fi kusune ra á, ìyẹn oje igi páìnì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ epo, kí fọ́nrán rẹ̀ lè dì mọ́ra.

Bí ọsán bá já, ojú ibi tó ti já ni ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ wò. Bó bá já níbi tí ìdí ọfà ti ń há mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu tí wọ́n gé sí ìdí ọfà náà ló fún jù, tàbí etí rẹ̀ mú, tó ń gé fọ́nrán díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nakajikake: fọ́nrán àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń wé e, tí wọ́n á fi pákó pẹlẹbẹ méjì yí i títí yóò fi le. Ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣòro. Bó bá tín-ín-rín, ọfà á já bọ́ kí tafàtafà tó fa ọrun tán. Bó bá ki, ìdí ọfà á là. Bó bá jẹ́ ojóbó òkè, èyí tí wọ́n fi aṣọ pupa wé, ló já, ẹni tó so ó ni kí ẹ bi. Àlàfo àárín ọrun àti ọsán, bíi sẹ̀ǹtímítà 15, náà kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, torí ọsán tó le gan-an kì í pẹ́ já.

Àwọn kan ti sá di Kevlar, fọ́nrán àtọwọ́dá, báyìí. Kì í fà, kì í sì í tètè já. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo ọrun fáíbà lè fi ṣe tirẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n lórí ọrun ọparun, ìjìgìjìgì tí ọsán kò gbà, ara ọrun ni yóò gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀lẹ ni ọsán èèpo: lọ́dún 1686, ní gbọ̀ngán Sanjusangendo ní Kyoto, Wasa Daihachiro ta ọfà 13,053 láàárín wákàtí 24. Kò sí Kevlar nígbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ọsán èèpo ni pé ó ń sọ̀rọ̀. Irun á kọ́kọ́ ru lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ á mú waraji, ìyẹn ohun híhun tí wọ́n fi ń ra ọsán, á fi ra á kíkankíkan títí oje á fi gbóná, tí yóò sì mu wọnú fọ́nrán padà.

Bó bá wá já lójú agbo, ẹnikẹ́ni kì í pariwo. Tafàtafà á kúnlẹ̀, á ṣa á, á ká a. Òmíràn ti wà ní kíká lára òrùka tsurumaki. Èyí tó já kì í bọ́ sórí ààtàn: òun ni wọ́n ń hun ṣe waraji.