Ta Ló Ń Fi Ìwà Wọ Ẹ̀dá? Àyẹ̀wò Géèmù Ìfìwàwẹ̀dá láti Dungeons & Dragons dé Undertale

Ìfáárà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìfìwàwẹ̀dá nínú lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, iṣẹ́ òǹkọ̀wé là ń yẹ̀ wò. Òun ló ń pinnu bóyá ẹ̀dá-ìtàn yóò jẹ́ ọ̀làwọ́ tàbí ahun, akin tàbí ojo. Òǹkàwé a wo ìṣe ẹ̀dá-ìtàn, a sì fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Irú géèmù kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó yí ètò yìí padà, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní RPG. Nínú rẹ̀, òǹkọ̀wé a pèsè ìlú, ọ̀tá àti ìṣòro sílẹ̀, ṣùgbọ́n aṣeré, ìyẹn ẹni tó ń ṣe géèmù náà, ni yóò fi ìwà wọ ẹ̀dá. Ìdí nìyí tí a fi dábàá pé kí a máa pè é ní géèmù ìfìwàwẹ̀dá.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òǹkà ló ya géèmù yìí sọ́tọ̀: máàkì agbára, máàkì òye, àti ìpele tí akọni ń gùn bí ó bá ti ń ṣẹ́gun. Èrò tiwa ni pé aṣọ ni òǹkà jẹ́ lára géèmù yìí. Òpómúléró rẹ̀ ni pé ohun tí aṣeré bá ṣe yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ lára, kò sì ní í bọ́ bọ̀rọ̀.

Dáìsì àti Òǹkà

Orí tábìlì ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Eré ogun, nínú èyí tí àwọn ère kéékèèké ti ń dúró fún ọmọ ogun, ni wọ́n ti fà á yọ. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé aṣeré kò darí ọmọ ogun rẹpẹtẹ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń darí, ẹni náà sì lórúkọ, ó sì ń dàgbà sí i. Nínú ìlànà àkọ́kọ́ yìí, dáìsì mẹ́ta ni wọ́n ń jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀bùn mẹ́fà tí ẹ̀dá-ìtàn ní, bí agbára ara, òye àti ọgbọ́n. Ohun tí dáìsì bá mú wá ni aṣeré yóò gbà. Lójú Yorùbá, àkúnlẹ̀gbà nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lè pa ìtàn bí ènìyàn, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Nítorí náà ni òǹkà fi gba iwájú. Nínú Wizardry (1981), aṣeré a kó ẹni mẹ́fà jọ, wọn a wọ àjà ilẹ̀ lọ bá ẹbọra jà. Ní Japan, Dragon Quest (1986), tí Yuji Horii ṣe, mú ìlànà yìí rọrùn fún tọmọdé tàgbà, Final Fantasy sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Nínú Dragon Quest, aṣeré ló ń sọ akọni lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí akọni yóò tọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀ tán. Agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìwà rẹ̀ wà bó ṣe wà.

Ìwà Lẹ̀wà

Ultima IV, tí Richard Garriott ṣe lọ́dún 1985, ni a kà sí ìyípadà gidi. Kò sí ọ̀tá ńlá kan tí akọni gbọ́dọ̀ pa kí ìtàn tó parí. Ohun tó ń lépa ni láti di ẹni àwòkọ́ṣe nípa ìwà rere mẹ́jọ, tí òtítọ́, àánú, ìgboyà àti ìrẹ̀lẹ̀ wà lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, aláfọ̀ṣẹ kan a bi aṣeré ní ìbéèrè méje. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbé ìwà rere méjì kalẹ̀ pé kí ó yan ọ̀kan. Ìdáhùn wọ̀nyí ni yóò pinnu iṣẹ́ ẹ̀dá-ìtàn. Ẹni tó bá gbé ìrẹ̀lẹ̀ lékè di darandaran, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mókè lójú ogun. Ẹni tó ń ṣe géèmù náà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò mọ èyí nígbà tó ń dáhùn.

Ta ni yóò ka èyí tí kò ní í rántí ilé Àjàlá? Nínú ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé fún wa, Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ fi ojú ara wọn yan orí, orí náà kò sì dára. Afùwàpẹ́ fún ẹni tó ń fi eérú sebẹ̀ ní iyọ̀, ó san gbèsè tó wà lọ́rùn Àjàlá, Àjàlá sì bá a yan orí rere. Ìwà ló ṣíwájú yíyàn. Ultima IV náà mọ èyí. Afọ́jú kan wà níbẹ̀ tó ń ta èròjà oògùn. Aṣeré ni yóò ka owó fún un. Bí ó bá san iye tí kò tó, ẹnikẹ́ni kò ní í mú un, ṣùgbọ́n máàkì òtítọ́ rẹ̀ yóò dín kù ní ìkọ̀kọ̀. Níhìn-ín, òǹkà ti di ìránṣẹ́ ìwà.

Ìṣòro Àtúnyàn

Síbẹ̀, ìfìwéra yìí ní ibi tó mọ. Nínú Baldur's Gate (1998), aṣeré lè máa ju dáìsì títí máàkì yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ó bá pa ẹni tí kò yẹ, ó lè padà sí ibi tó fi eré pamọ́ sí, kí ó tún un ṣe. Ẹni tó ti kúrò nílé Àjàlá kò ní irú àǹfààní yìí. Bí gbogbo yíyàn bá sì ṣeé yí padà, a jẹ́ pé aṣeré kàn ń wọ ìwà wò bí ẹni ń wọ aṣọ wò lọ́jà ni.

Undertale (2015), iṣẹ́ Toby Fox, kojú ìṣòro yìí. Aṣeré lè parí rẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa gbogbo ẹni tó ṣeé pa dé òpin, tó wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, tó sì hu ìwà rere, àbàwọ́n yóò hàn nínú òpin aláyọ̀ tó rò pé òun ti rí gbà. Géèmù náà kò gbàgbé.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹnì kan lè sọ pé agbádá Yorùbá là ń gbé wọ àjèjì. A kò sọ pé Garriott gbọ́ nípa Àjàlá rí. Ohun tí a sọ ni pé èrò Yorùbá lórí orí àti ìwà lè ya géèmù tó ń ka máàkì lásán sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń di aṣeré mú. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá. Lọ́dún 2016, Kiro'o Games ti Cameroon gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde, ìṣe Áfíríkà hàn lára aṣọ, àwòrán àti agbára àwọn baba ńlá tí Enzo fi ń jà. Àṣeyọrí ni, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ló ṣì fi ìwà wọ Enzo. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ ṣe géèmù Yorùbá, kí wọ́n má fi mọ sórí àáké Ṣàǹgó àti ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun. Kí wọ́n jẹ́ kí aṣeré ka owó fún afọ́jú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i.