Akin Euba: Píánò, Igbá Fínfín àti Ìyáàlù

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí Akin Euba (1935–2020) sábà máa ń pín in sí méjì: atẹ-píánò tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music, Lọ́ńdọ̀nù, lápá kan, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ni ní Ifẹ̀, Èkó àti Pittsburgh lápá kejì. Ìpín yìí kò ran ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní 1964 ó kọ Four Pictures from Oyo Calabashes fún píánò. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ ni àkọlé náà ń tọ́ka sí, iṣẹ́ ọnà tí ojú ń wò, tí kì í fọhùn. Ọgbọ́n wà nínú yíyàn yìí. Bí onílù bá fún ọsán ìyáàlù mọ́ra, ohùn á yọ́ gòkè. Kọ́kọ́rọ́ píánò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn tirẹ̀ ti dúró síbi kan. Ẹni tó bá sì ń ya àwòrán kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọ̀rọ̀.

Inú Scenes from Traditional Life (1970) ni ọ̀ràn ti le. Níbẹ̀ Euba gbé ìlù Yorùbá sórí ìtò ohùn méjìlá, ọgbọ́n tí Schoenberg mú jáde ní Yúróòpù. Ìlù náà yè: ọwọ́ méjèèjì ń lù ú bí agbo dùndún, ọ̀kan kò dúró de ìkejì. Ṣùgbọ́n etí tó dàgbà sí Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí dùndún ti ń ki Aláàfin àti Ṣọ̀ún, kì í gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ ló ń wá níbẹ̀, ìtò ohùn méjìlá kò sì bìkítà fún ọ̀rọ̀. Oríkì tí irú etí bẹ́ẹ̀ ń retí kò ní dé. Àbùkù gidi nìyí, bí àwọn olùyìn Euba tilẹ̀ ń pè é ní ìgboyà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1974, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, ní orílẹ̀-èdè Gánà, lórí dùndún kan náà. Ìwé rẹ̀, Yoruba Drumming, jáde ní 1990. Ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ wà níbẹ̀ ní kíkọ. Ohun tí atẹ-píánò fò dá ni onímọ̀ padà lọ ṣà. Ẹni tó bá tẹ Scenes láìka ìwé náà, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, ń kọ́ni ní orin ìjọ. Píánò kì í ṣe àjèjì níbẹ̀, ọmọ Àyàn kò sì jìnnà. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí a ti tẹ Scenes, kí onílù jókòó gbọ́ ọ, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí ìlù ti yadi.