Ahunṣọ tí kò padà sílé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kì í sábà sọ̀rọ̀ fíìmù lójú ewé yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú wa kò jẹ́ kí etí wa sinmi lórí Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan tí ó jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022. Ìgbòjàyè, ní Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, ni ó ti yà á. A bá wọn jókòó, a wò ó tán.

Ahunṣọ-òfì ni Sàró, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tí ó wá oúnjẹ òòjọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi da òun àti Arólàkẹ́, olorì Aláàfin, pọ̀. Wọ́n lù ú pa, ẹyẹ àkàlà dé, ó fẹ́ jí i, àdó agbára ẹyẹ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Arólàkẹ́. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni Sàró ti di ẹni tí ń jí òkú.

Àwa tí a gbọ́n sẹ́bàá òfì ní Ìsẹ́yìn, ohun tí ó kọ́kọ́ dùn wá ni bí Sàró ṣe yára ju iṣẹ́ rẹ̀ nù. Ahunṣọ tí a mọ̀, bí ó bá wọ ìlú onílùú, ọ̀kọ̀ àti apasa rẹ̀ ni ó ń bá a kiri. Ó lè pẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Bí Iléyá bá dé, yóò wálé, yóò mú ẹtù tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún bàbá rẹ̀ dání. Sàró padà láti ọ̀dọ̀ ikú, kò padà sí ìlú tí ó ti wá.

Ní ti jíjí òkú, inú ń bí àwọn kan. Ànọ́bì Ísá jí òkú, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun ni, kò sì gba kọ́bọ̀. Sàró gba dúkìá, ó fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, ó tún ní kí ọba fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún òun kí òun tó jí àrẹ̀mọ. Fíìmù náà kò yìn ín: àdó kò jẹ́ fún un mọ́. Àgbèrè tí wọ́n fi hàn ní gbangba ni a bá a jà lé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a pa tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Bímbọ́ Adémóyè, tí ó ṣe Arólàkẹ́, ni ó gbé eré náà. Nígbà tí ó dákẹ́ nínú ilé tí ó kún fún ìyàwó, a gbọ́ gbogbo ohun tí kò sọ. Òun náà fi ilé sílẹ̀ nítorí ọkùnrin yìí.

Nínú apá tí ó tẹ̀ lé e, ní 2024, wọn kò gba Sàró ní ibodè ọ̀run. Wọ́n dá a padà kí ó wá kó ẹ̀mí àwọn tí ó jí. A ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọjà lé e, ilé kọ̀ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ti lo ọdún mẹ́ta ní Èkó láìwálé wò ó lọ́hùn-ún. Ó pè wá lórí fóònù, ó ní, “Alfa, níbo ni ọ̀nà Ìgbòjàyè gbà?” A ní kí ó wálé wá bèèrè.