Gbẹ́nàgbẹ́nà Gbẹ́ Tirẹ̀ Tán: Lámèyítọ́ lórí Ọnà àti Ohùn Ohun-Èlò Orin Aláfọwọ́gbẹ́

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ lámèyítọ́ ti rí ìdí jókòó, nítorí kò sí iṣẹ́ ọnà tí ó bọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ tí kì í bọ́ sí ẹnu ayé. Ṣùgbọ́n bí ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ bá jẹ́ ohun tí ó ní ohùn, ìbáà ṣe ìlù tí a ó lù, ìbáà ṣe fáyólìn tí a ó fi ọ̀pá onírun fà, ẹnu nìkan kò tó dá ẹjọ́ rẹ̀, ojú nìkan kò sì tó. Etí ni ó yẹ kí ó jókòó sípò adájọ́, kí ojú àti ẹnu máa jẹ́rìí níwájú rẹ̀. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohun-èlò orin aláfọwọ́gbẹ́ kì í dára nítorí orúkọ ìlú tí a ti gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í burú nítorí pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó ṣe é; dídára rẹ̀ kò ju pé kí ọwọ́ mọ ibi tí etí ti ní kí ó dúró, kí ó sì dúró.

Kò sí ibi tí ó yẹ kí a ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tó Ẹfọ̀n-Aláayè, ìlú Èkìtì tí òkè yí ká, tí ìtàn so ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọba rẹ̀ mọ́ Ọbàlùfọ̀n Aláyémọrẹ, ọba tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ idẹ kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí iná jó ààfin Aláayè ní 1912, Agbonbiofe, gbẹ́nàgbẹ́nà ti ilé Adéṣínà, ni iṣẹ́ òpó ààfin tuntun já lé léjìká. Nígbà tí yóò sì fi di 1916, àwọn òpó náà ti nàró, ẹlẹ́ṣin lórí ẹṣin rẹ̀, abiyamọ tòun tọmọ, gbogbo wọn ń fi orí ru àjà ọba láìmikàn. Ní ìlú yìí kan náà ni a bí Ọlọ́wẹ̀, tí ó ṣí lọ sí Ìsẹ̀-Èkìtì tí ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Arìnjalè, ọba ìlú náà. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkéré, rékọjá òkun lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́, nítorí pé British Museum fi ìtẹ́ kan gba pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ papòdà ní nǹkan bí 1938, Agbonbiofe ní 1945. Iṣẹ́ wọn kò kú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ̀wé rẹpẹtẹ lórí àwọn ère wọ̀nyí, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí ìlù tí a gbẹ́ ère sí lára, ère ni yóò máa wò. Yóò ka ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò yin irun orí, yóò sì gba ibi tí ìlù ti jẹ́ ìlù kọjá, èyíinì ni ihò tí ó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlù wa ṣe wà nínú gíláàsì ní ilé ìṣúra òkè òkun, tí a kọ orúkọ wọn sí ìdí wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ọ̀pá kàn wọ́n. Ẹjọ́ tí a dá fún wọn kò tíì parí, nítorí pé a kò tíì gbọ́ tẹnu wọn.

Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa fúnra wọn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Láàárín 1947 sí 1954, ilé-iṣẹ́ ọnà kan wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ àwọn Fadá ìjọ Àgùdà, níbi tí Bándélé ọmọ Àreògún ti Òsì ti ń ṣe ọ̀gá, tí Làmídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fadá Kevin Carroll tí ó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ náà sì kọ ìlànà wọn sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní. Lílé ni àkọ́kọ́, nígbà tí àáké ń lé ara igi sẹ́yìn kí orí, àyà àti ẹsẹ̀ tó yọ. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, nígbà tí a pín ohun ńlá sí wẹ́wẹ́, tí etí yà kúrò lára orí, tí ìka yà kúrò lára ọwọ́. Dídán ni ẹ̀kẹta, tí ọ̀bẹ ń mú ojú iṣẹ́ jọ̀lọ̀. Fínfín ni ó kẹ́yìn, tí a fín ilà, irun àti ọ̀ṣọ́ aṣọ. Ẹni tí ó bá fo ọ̀kan nínú wọn, ìparí iṣẹ́ ni yóò tú u fó, nítorí fínfín tí ó dára jù láyé kò lè tún lílé tí ó wọ́ ṣe.

Bí a bá gbé ìlànà yìí lọ síwájú fáyólìn, ẹnu yóò yà wá bí ó ti bá a mu tó. Igi méjì ni pàtàkì nínú rẹ̀: spruce ni a fi ń ṣe pátákó òkè nítorí ó fúyẹ́ ó sì gan, maple ni a fi ń ṣe ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ nítorí ó le ó sì lẹ́wà, ọdún bíi mélòó kan ni irú igi bẹ́ẹ̀ fi ń gbẹ kí irin tó kàn án. Ọlọ́nà yóò lé e, yóò tún un lé, títí tí àyà rẹ̀ yóò fi yọ kékeré ní àárín. Yóò dán an. Lẹ́yìn náà yóò fi ọ̀bẹ la ojú ọ̀nà tín-ín-rín yí etí pátákó ká, yóò sì tẹ́ ọ̀já igi tẹ́ẹ́rẹ́ onílà mẹ́ta sínú rẹ̀. Ojú á wo ọ̀já yìí, á ní ọ̀ṣọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń dá sísán dúró létí kí ó má baà sán dé àárín. Níhìn-ín fínfín kì í ṣe ẹwà lásán, alábòójútó ni.

Síbẹ̀, nígbà tí ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé lóde, ìlàjì iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, nítorí inú kò tíì jẹ́ inú. Oníṣẹ́ yóò dojú pátákó dé, yóò máa fá inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ti òkè yóò fi kù bíi mìlímítà 3, tí ti ẹ̀yìn yóò sì kù bíi 4 àbọ̀ ní àárín, tí yóò máa fẹ́lẹ́ lọ sí etí. Bí ó ti ń fá a, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ìka kàn án tí ó ń gbọ́ ọ, tí ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti gbà. Bí ó bá jáwọ́ kíákíá jù, pátákó á nípọn, ohùn á há sí i nímú, á máa han létí olórin ṣùgbọ́n kò ní dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Bí ó bá fá a kọjá ààlà, ohùn á kọ́kọ́ tú yaya tí ọjà á fi yá, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí àyà á fi wọlé lábẹ́ agbára okùn mẹ́rin tí ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya níí ya. Òwe yìí kò mọ oníṣẹ́ Ìtálì, kò sì mọ ti Ṣáínà, gbogbo wọn ni ó sì bá wí. Nígbà tí a bá pa ikùn náà dé tán, ọ̀pá igi kékeré kan ni a ó gba ihò rẹ̀ kì bọ inú, tí yóò dúró láàárín òkè àti ẹ̀yìn láìsí àtè tí ó dì í mú. Bí ó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó èékánná, ohùn gbogbo ohun-èlò náà á yí padà.

Ìbéèrè tí ó wá kàn ni ti ọwọ́ tí ó ń ṣe é. Ní Xiqiao, tí ó ti di ara ìlú Huangqiao ní ẹkùn Jiangsu ní ilẹ̀ Ṣáínà, iṣẹ́ fáyólìn ti ń gbilẹ̀ láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960, débi pé ọ̀pọ̀ fáyólìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé ń fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti wá. Ẹnìkan ń gbẹ́ orí tí ó ká kòǹgbà, ẹlòmíràn ń fá pátákó, ẹlòmíràn ń kun ọ̀dà. A tilẹ̀ máa ń ta àwọn kan láìkùn wọ́n, kí ẹlòmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè lè parí wọn. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń yínmú sí iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ní ohun tí ọwọ́ púpọ̀ bá ṣe kò lè ní ẹ̀mí.

Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìtàn ìlù rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó ń gbẹ́ igi dùndún, láti ara igi ọ̀mọ̀ tàbí apá, tí ó ń lu ú já láti orí dé ìdí, tí ó sì ń fún un ní ìbàdí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gbẹ́ ẹ tán, igi lásán ni. Ọmọ Àyàn ni yóò gbà á, tí yóò fi awọ ewúrẹ́ bò ó lójú méjèèjì, tí yóò fi ọsán tò ó, tí yóò fi ṣaworo sí ìyá ìlù lọ́rùn, tí yóò fà á, tí yóò dẹ̀ ẹ́, títí yóò fi lè sọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí èdè wa ń béèrè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Pínpín iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù. Antonio Stradivari pàápàá, àgbà oníṣẹ́ fáyólìn tí ó kú ní 1737 ní Cremona ní ilẹ̀ Ìtálì, kò dá ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ Francesco àti Omobono wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́. Ohun tí ó ya iṣẹ́ ọlọ́wọ́-púpọ̀ tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára ni pé, nínú èyí tí ó dára, etí kan wà tí gbogbo ọwọ́ ń wárí fún. Ti dùndún, etí ọmọ Àyàn ni. Ti Cremona, etí bàbá ni. Fáyólìn olówó pọ́ọ́kú tí kò dùn, àìsí irú etí bẹ́ẹ̀ ni ó pa á, kì í ṣe ọ̀pọ̀ ọwọ́, kì í sì í ṣe Ṣáínà. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé láti ilẹ̀ Ṣáínà kan náà ni Zheng Quan, oníṣẹ́ fáyólìn, ti jáde lọ kọ́ṣẹ́ ní Cremona ní àwọn ọdún 1980, tí ó padà sí Beijing láti kọ́ àwọn mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin, tí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ sì ń gba ẹ̀bùn níbi ìdíje àgbáyé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé orúkọ ni ohùn, kí ó gbọ́ ohun tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Claudia Fritz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Indianapolis ní 2010. Wọ́n kó fáyólìn tuntun mẹ́ta àti àgbà fáyólìn Ìtálì mẹ́ta jọ, méjì nínú àgbà náà jẹ́ ti Stradivari, ọ̀kan jẹ́ ti Guarneri. Wọ́n fi awò dúdú sí àwọn olórin fáyólìn mọ́kànlélógún lójú kí wọ́n má baà mọ èyí tí ọwọ́ wọn mú. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn jù jẹ́ tuntun, èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn kéré jù jẹ́ ti Stradivari. Èyí kò sọ pé àwọn àgbà oníṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó sọ pé etí tí orúkọ ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú kì í ṣe adájọ́ òdodo mọ́.

Ó ku ọ̀kan tí ó yẹ kí a sọ, kí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn má baà di òṣùwọ̀n wa. Gòjé tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Hausa, tí ó di ọ̀kan nínú òpó orin sákárà lọ́wọ́ Abíbù Olúwà àti Yúsúfù Ọlátúnjí tí ó kú ní 1978, okùn kan ṣoṣo ni ó ní, ìrù ẹṣin sì ni. Igbá tí a fi awọ bò ni ikùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ há, ó sì ń họ etí díẹ̀, ohun tí olórin sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí ohùn ènìyàn ni ó ń tẹ̀ lé, tí ó ń gbè, tí ó ń dá lóhùn. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù fún fáyólìn ni ó jẹ́ oyè fún gòjé. Nítorí náà, kí lámèyítọ́ tó sọ pé ohun-èlò kan dùn tàbí kò dùn, kí ó kọ́kọ́ béèrè irú orin tí a ní kí ó wá ṣe.

Nínú gbogbo èyí ni ìmọ̀ràn kan ti jáde fún ilẹ̀ Èkìtì. Ọwọ́ kò tíì tán ní Ẹfọ̀n, igi kò sì tíì tán nínú igbó wa. Ohun tí ó sọnù ni ìpàdé ẹni tí ń gbẹ́ ohun-èlò pẹ̀lú ẹni tí ń lò ó. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní orin má ṣe máa ra ohun-èlò nìkan, kí wọ́n máa rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà; kí ọmọ iṣẹ́ ọnà náà sì kọ́ ìlù lílù tàbí gòjé fífà kí ó tó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá. Kí ilé ìṣúra tí ó bá ní ìlù wa lọ́wọ́ kọ nínípọn igi, jíjìn ihò àti irú awọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtàn ère ara rẹ̀, kí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí awọ bá ṣì lè gbà á. Nígbà náà ni gbẹ́nugbẹ́nu yóò ní ohun tí ó lè sọ lórí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, nítorí pé yóò ti gbọ́ ọ kí ó tó la ẹnu.