Híńjì Tó Ń Pa Ilẹ̀kùn Dé Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́

Ariwo kì í tán lójú pópó Olódò, lọ́nà Ìbàdàn sí Ìwó. Ẹni tó bá kọ́ ilé oúnjẹ tó gbayì síbẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ wà lára ohun tó ń tà, ilẹ̀kùn ló sì ń ṣọ́ ọ. Ilẹ̀kùn tó bá ń dún gbàù nígbàkígbà tí èèyàn bá wọlé á máa jẹ́ kí ẹni tó ń jẹun ta gìrì.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn híńjì tó ń dá ilẹ̀kùn padà fúnra rẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ iṣẹ́ inú rẹ̀ jinlẹ̀. Sípíríǹgì ló ń fa ilẹ̀kùn. Òróró inú híńjì kò sì jẹ́ kó sáré, torí ihò tóóró kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Síkúrúù kékeré kan wà tí káfíńtà ń yí. Tó bá fún un, ilẹ̀kùn á máa rọra bọ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń wọlé ọkọ.

Àwọn baba wa mọ iyì ilẹ̀kùn kí híńjì onírin tó dé. Lára pákó kan náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ ṣóńṣó òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó ń yí nínú ihò. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914 dára débi pé wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ tó wáyé ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. British Museum ló wà dòní.

Tó bá wá kan yíyan híńjì lónìí, ìwúwo igi ló ń pinnu rẹ̀. Ilẹ̀kùn ìrókò gidi, ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 3, tó nípọn tó ínǹṣì 2, lè wọ̀n tó 60 kílò. Híńjì mẹ́ta ló kéré jù fún un, torí apá òkè ni ẹrù ti ń fà jù. Kí pákó tí ẹ rà ní ọjà Bódìjà sì ti gbẹ dáadáa o! Igi tútù máa ń lọ́, kò sí híńjì tó lè tún un ṣe. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná gbọ́dọ̀ lè ṣí síwá sẹ́yìn, kí ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo lè fi èjìká tì í. Omi àti èéfín pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà, irin tí kì í dógùn-ún, tí wọ́n kọ 304 sí lára, ni kí ẹ mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé oúnjẹ lọ́wọ́ lágbègbè Ẹgbẹ́dá àti Lágelú, ẹ jẹ́ kí káfíńtà wọn ilẹ̀kùn náà kí ẹ tó ra híńjì, kí ẹ sì ra èyí tí agbára rẹ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ.